‘Gbé E Sókè’: Bí A Ṣe Yan Áńpù fún Ohùn Màmá Bọ́ńdìrì

Ẹni tí ó bá ti bá ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì gbé rí yóò mọ̀ pé áltò ni ohùn tí etí kì í tètè gbọ́. Tírébù ni ó gbé orin lọ́wọ́, òun ni gbogbo ìjọ ń bá kọ. Báàsì ni ilẹ̀ tí orin dúró lé. Tẹ́nọ̀ a máa dún bí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Áltò wà láàárín, ó ń dí àlàfo. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní yìn ín. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan dín, wọn kò kàn ní lè sọ ohun tí ó dín.

Ohùn yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi sin ìjọ wọn ní Ajégúnlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Màmá Bọ́ńdìrì ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, nítorí pé ẹ̀yìn ọjà Bọ́ńdìrì ni ilé wọn wà, àti nítorí pé ní ìdílé wa a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí. Àdúgbò tí àgbà kọ̀ọ̀kan ń gbé ni a fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń rán ní ọjọ́ iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánrawò orin, wọn a gbọn òwú kúrò lára ìró, wọn a sì kọrí sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìjọ náà ní àwọn orin tirẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀gá akọrin ìṣáájú fi èdè Yorùbá ṣe, tí kò sí nínú ìwé orin kankan. Ohùn tírébù nìkan ni àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kọ sílẹ̀. Áltò wọn, inú orí Màmá Bọ́ńdìrì ni ó wà. Lẹ́nu obìnrin tí ó jókòó sórí àga áltò ṣáájú wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ, obìnrin náà sì ti lọ sí ọ̀run tipẹ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn a kàn máa tẹ̀ lé wọn lẹ́nu bí ẹni tí ó di etí aṣọ ẹni tí ó mọ̀nà mú. Bí Màmá kò bá wá, gbogbo wọn a bọ́ sórí tírébù.

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 2010, gẹ̀gẹ̀ tí ó ti wà ní ọrùn wọn láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ó ń fún wọn lọ́nà ọ̀fun nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀. Èmi ni mo bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni yóò yanjú rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí ibì kan ní ọrùn ara rẹ̀.

“Màmá, iṣan tín-ín-rín kan gba ẹ̀yìn ibi tí a fẹ́ gé yìí kọjá. Òun ló ń mú ohùn yín ṣiṣẹ́. A ó ṣọ́ra fún un gan-an, ṣùgbọ́n mi ò lè búra.”

“Tí ẹ bá wá kàn án ńkọ́?”

“Ohùn yín lè yí padà, mà.”

 Ohun tí Màmá wí sí i ni pé, “Ta ni ó wá máa kọ áltò?”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi tí mo jókòó tì wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, wọ́n kọjú sí mi: “Ìwọ tí o ń kó ohùn àwọn ènìyàn ká sínú ẹ̀rọ kiri, wá ká tèmi náà. Kí n tó wọ tíátà.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìró èdè Yorùbá ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ní máìkì dáradára kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àti hẹ́dífóònù ńlá méjì tí ó bo etí pátá, èyí tí mo fi ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó tí mo bá gbà sílẹ̀. Mo rò pé ohun tí a nílò ti pé. Ṣùgbọ́n ẹni kan tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni kan tí ń kọ áltò kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ lè dá dúró. Áltò kò lè dá dúró: kí Màmá tó lè kọ ọ́, tírébù gbọ́dọ̀ máa dún ní etí wọn kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò gbé ti ara wọn sí. Bí tírébù náà bá sì ń dún nínú yàrá, máìkì yóò gbé òun náà, ohùn méjèèjì yóò sì dàpọ̀ mọ́ ara wọn. Nítorí náà, inú hẹ́dífóònù ni tírébù gbọ́dọ̀ wà, kí ó jẹ́ pé ohùn Màmá nìkan ni yàrá yóò gbọ́.

Ẹni tí ó bá wa tẹ kíbọ́ọ̀dù ni akíbọ́ọ̀dù ìjọ náà gan-an, ọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ti ìhà ẹnu odò wá ṣùgbọ́n tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ kílíárì, gbígba ẹrù oníbàárà jáde, ni ó ń ṣe ní èbúté Àpápá. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ dúdú àti funfun, ìyẹn bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń wí. Yorùbá rẹ̀ dán, pẹ̀lú Pijin tí ó máa ń yọ orí jáde nínú rẹ̀ níbi tí o kò rò.

Inú ilé mi ní Àpápá, ní òpópónà kan tí ó yà kúrò ní Liverpool Road, ni a ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Ihò hẹ́dífóònù kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà mi ní, etí ènìyàn méjì sì ń dúró dè é. Mo fi wáyà oríméjì pín in. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ju ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilé méjì bá ń fa omi lára páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan: kò sí ẹni tí ó rí omi pọn. Hẹ́dífóònù tèmi wọ̀nyẹn sì jẹ́ irú èyí tí ó máa ń fẹ́ agbára púpọ̀ kí ó tó dún.

Akíbọ́ọ̀dù tẹ orin. Màmá dorí kodò, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dífóònù mọ́ orí.

“Gbé e sókè,” wọ́n wí.

Akíbọ́ọ̀dù tẹ nǹkan kan, ó tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Màmá kọ ẹsẹ kan, wọ́n dúró.

“Gbé e sókè díẹ̀ sí i, ọmọ mi.”

Ó tún tẹ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Mo rí i tí iṣan ọrùn wọn ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ̀gẹ̀ náà, tí ohùn wọn ń ya bí etí aṣọ. Nígbà tí ó yá, ikọ́ gbà wọ́n, wọ́n sì fi ọwọ́ di ọrùn mú. Mo bu omi fún wọn.

“Ṣé bí orin ṣe máa ń ga ní Àpápá nìyí?” ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí mí. “Ní Ajégúnlẹ̀, a kì í gun òkè tó báyìí. Àbí torí ẹ̀yin ará GRA ni?”

Mo ní èmi kì í ṣe ará GRA. Akíbọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ibì kan. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe fi ipá lo ọ̀fun, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ń bọ̀ kí oṣù tó parí. A ká wáyà, a sì tú ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti ohun tí a gbà sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti máa wọn bí ohùn ṣe ń gòkè àti bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, nítorí náà kò pẹ́ kí n tó rí i: orin kan náà ni Màmá kọ ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ó fi ga ju ti ìṣáájú lọ. Kíì orin náà, ibi tí gíga rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ni ó ń gun àkàbà. Ohùn tírébù tí wọ́n ń gbọ́ ní etí kò lágbára sí i rárá. Ó kàn ń ga sí i ni. Mo pe akíbọ́ọ̀dù lórí fóònù.

“Kí ló dé tí o ń gbé kíì sókè ní gbogbo ìgbà?”

“Ah, ẹ̀gbọ́n, Mummy ló ní kí n gbé e sókè na.”

“Wọn ò gbọ́ ni. Kó dún sí i ni wọ́n ń sọ.”

 “Chai! So na volume? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ní kọ́yà wa, tí ẹnikẹ́ni bá ti ní ‘gbé e sókè’, bọ́tìnnì transpose tó ń pààrọ̀ kíì ni ọwọ́ mi máa ń lọ sí. Èmi tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn pé Mummy yìí lágbára o, with that neck.”

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ń ro gbólóhùn yẹn. Bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ráhùn nínú yàrá pé rédíò kò dún tó, ‘gbé e sókè’ ni yóò wí. Bí olórin bá rí i pé orin ti wà nílẹ̀ jù fún ọ̀fun òun, ‘gbé e sókè’ kan náà ni yóò wí. Nínú iṣẹ́ tèmi, ohùn òkè kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ariwo. Ènìyàn lè fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ẹlòmíràn létí. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń kùn ní kíláàsì, èmi pàápàá a máa sọ fún un pé, “Sọ̀rọ̀ sókè.” Òkè kan ni èdè wa fi fún ohun méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde ni ó ń sọ èyí tí a ní lọ́kàn, ìdí sì nìyẹn tí a kì í fi ṣì í gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ibi méjì ni ó pàdé nínú yàrá kan. Màmá ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Akíbọ́ọ̀dù gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí ẹni tí ó ṣì sọ, kò sí ẹni tí ó ṣì gbọ́.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n kọ́ àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ tuntun: kí ẹni tí ó bá fẹ́ agbára sọ pé ‘fi kún un’, kí ẹni tí ó bá fẹ́ gíga sọ pé ‘gbé kíì sókè’. Mo rò ó, mo sì fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó ń kọrin kì í ṣa ọ̀rọ̀. Ohun tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni yóò jáde. Ohun tí ó tọ́ ni kí n wá ọ̀nà tí Màmá kò fi ní ní ohunkóhun láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa áńpù kékeré tí wọ́n ṣe fún hẹ́dífóònù, ẹ̀rọ tí ń gba ohùn láti inú kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń fi agbára kún un kí ó tó dé etí. Mo kà púpọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó kọ nípa wọn jẹ́ ẹni tí ó dá jókòó sórí àga tìmùtìmù ní ìlú òkèèrè, tí ń ṣàpèjúwe bí ohùn ṣe dùn bí oyin tàbí bí ó ṣe tutù bí omi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bèèrè bí ènìyàn méjì tí etí wọn kò dọ́gba yóò ṣe pín in. Kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo wa tí a ń gbé ibi tí mo ń gbé mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ a máa fi ìró kíkùn tirẹ̀ sínú ohunkóhun tí ó bá ń fún ní iná.

Mo yẹ ọ̀rọ̀ ariwo inú wò dáadáa. Áńpù tí kò dára a máa ṣe ‘ṣíì’ bí ìgbà tí òróró bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Lóòótọ́, ‘ṣíì’ yẹn kò lè wọ inú ohun tí a ń gbà sílẹ̀, nítorí pé etí ni ó ń lọ, kì í ṣe máìkì. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ etí, etí tí ó bá sì ti rẹ̀ kì í gbé ohùn sí ibi tí ó yẹ. Èyí tí ó burú jù ni jíjò: bí áńpù bá lágbára, tí ẹni tí ó ń lò ó sì ṣí i pátá, ohùn yóò jò jáde láti ẹ̀gbẹ́ hẹ́dífóònù bọ́ sínú máìkì. Nítorí náà, kì í ṣe agbára nìkan ni mo ń wá. Mo ń wá agbára tí ẹni tí ó ni etí lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá dúró.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Àpápá tí ń ta ohun èlò orin fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mú Màmá dání, nítorí pé a kì í ti ilé wọn bàtà ẹlòmíràn. Wọ́n wé gèlè tí ó le gbandi, torí pé Àpápá ni wọ́n ń lọ.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, mà,” ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wí. “Ṣé ti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ àbí ti ilé?”

“Ti etí,” Màmá dá a lóhùn.

Ó gbé méjì wá. Èyí àkọ́kọ́ kò ju àpótí ìṣáná ńlá lọ, ihò kan, bọ́tìnnì yíyí kan, bátìrì ni ó ń lò. Èkejì tó ìwọ̀n ìwé orin ọwọ́, ihò mẹ́rin ni ó ní, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lókè, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ wáyà iná. Ọkùnrin náà ti èyí kékeré síwájú wa. “Abẹ́rẹ́ kéré o, mà, kì í ṣe mímì adìyẹ. Ẹ fi gbọ́ nǹkan.”

Màmá gbé hẹ́dífóònù lé orí gèlè. Ọkùnrin náà tan orin kan.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan.”

Ó yí bọ́tìnnì. Wọ́n mi orí: rárá. Ó tún yí i. Ó yí i dé òpin. Èmi tí mo dúró ní apá kejì káńtà ti ń gbọ́ orin náà ketekete, oníbàárà kan tí ó ń ra okùn gìtá sì ti ń mi orí sí i. Ìgbà náà ni mo wo ibi tí hẹ́dífóònù náà wà. Aṣọ gèlè onípele-púpọ̀ ni ó wà láàárín rẹ̀ àti etí. Ní ilé mi pàápàá, sìkáàfù ni wọ́n so bo etí kí wọ́n tó gbé e lé e, n kò sì kà á sí ohunkóhun, nítorí n kò tíì rí Màmá kí wọ́n kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láìbo orí rí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí gèlè yẹn.”

“Kí n ṣí gèlè, kí n wá fi orí lásán kọ orin Olúwa níwájú ọkùnrin? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?”

“A ò ní kẹ́ ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, mà,” ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù dá sí i. “Etí nìkan.”

Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá lọ sẹ́yìn sípíkà ńlá kan tí ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti tún gèlè náà wé ga, ó gba ẹ̀yìn etí kọjá, yẹtí wọn sì yọ síta.

“Háà! Màmá ti di sísì!” ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pariwo.

“Sísì bàbá rẹ,” ni wọ́n fèsì, wọ́n sì gbé hẹ́dífóònù lé etí. Ọkùnrin náà ti gbàgbé pé bọ́tìnnì ṣì wà ní òpin. “Yéè! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Wọ́n já a bọ́ kúrò lórí. Oníbàárà tí ó ń ra okùn gìtá yíjú sí ògiri kí a má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ọ̀rọ̀ pé, níwọ̀n bí etí ti là, ṣé áńpù pàápàá ṣì pọn dandan? Mo so hẹ́dífóònù mọ́ kọ̀ǹpútà mi tààrà láti dán an wò. Fún Màmá nìkan, ó fẹ́ẹ̀ tó. Nígbà tí mo pín in fún etí méjì, ó tún di omi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́. Áńpù kékeré náà yóò fún wa ní agbára, ṣùgbọ́n ihò kan ṣoṣo ni ó ní, bọ́tìnnì kan fún etí méjì. Mo gbé èyí ìkejì síwájú wọn. Mo fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe yí i.

Wọ́n yí i sí ọ̀tún, wọ́n yí i sí òsì, wọ́n tún yí i díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú ẹni tí ó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò.

“Èmi ni mo ń yí i?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ti ọmọ yẹn ńkọ́?”

“Òun náà ní tirẹ̀. Tí ó bá yí tirẹ̀, kò ní kan tiyín.”

“Kò sẹ́ni tí mo máa bẹ̀?”

“Kò sí, mà.”

“Èyí ni ká mú.”

Ọ̀rọ̀ wáyà iná ni ó kù sí mi lọ́rùn. Mo wo ẹ̀yìn áńpù náà, mo ka irú iná tí ó ń gbà àti ẹ̀gbẹ́ tí ó fẹ́ kí pọ́sítíìfù bátìrì wà, mo sì so ó mọ́ bátìrì kan tí a kì í bu omi sí, tí ó bá a mu, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé iná kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì dúró. Bátìrì ni akíbọ́ọ̀dù fi sínú kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí a yàn, tí ariwo tírélà fúyẹ́ díẹ̀ ní ọ̀nà èbúté, a pa jẹnẹrétọ̀, a gbé bẹ́ẹ̀dì ti fèrèsé, gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá sì dákẹ́. Akíbọ́ọ̀dù na ìka sí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀: ó ti lẹ pílásítà mọ́ bọ́tìnnì tí ó fi ń pààrọ̀ kíì.

“Mummy, I don lock am. Ẹ báà ní kí n gbé e dé ọ̀run.”

Màmá yí bọ́tìnnì tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó ti ń kọrin láti ọdún pípẹ́ báyìí kò tíì gbọ́ ara rẹ̀ rí. Nígbà tí mo fi díẹ̀ lára ohùn wọn kún ohun tí wọ́n ń gbọ́ ní etí, wọ́n dákẹ́ láàárín orin.

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Wọ́n ronú sí i. “Kò dùn tó bí mo ṣe rò,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ó dúró síbi tó yẹ kó dúró.” Wọ́n sì ń bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ àwọn orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìsinmi láàárín, títí ọ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Orin kan ṣẹ́kù, èyí tí ó gùn jù. Mo ní kí á wá parí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n bọ́ hẹ́dífóònù. “Fi ìyẹn sílẹ̀. Tí Ọlọ́run bá fẹ́ kí n kọ ọ́, á fi ohùn sílẹ̀ fún mi.” Kò sí ọjọ́ mìíràn. Áltò orin yẹn kò sí nínú ohun tí a gbà sílẹ̀.

Wọ́n wọ tíátà, wọ́n sì jáde ní àlàáfíà. Fún ọjọ́ díẹ̀, ìwé ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán kan, fóònù mi dún; ohùn ọkùnrin kan ni mo gbọ́, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

“Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń sọ̀rọ̀?”

“Ìyá rẹ ni. Ṣé o ti gbàgbé mi ni?”

Ohùn náà kò lọ. Ó wálẹ̀ ni. Ibi tí áltò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni tiwọn ti ń parí báyìí. Mo kó ohun tí a gbà sílẹ̀ lọ fún wọn, mo rò pé wọn yóò fẹ́ gbọ́ ọ. Wọn kò fi ọwọ́ kàn án. “Àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ ni kó máa gbọ́ ọ. Èmi mọ̀ ọ́n. Áńpù yẹn ni kí o gbé wá fún mi.” Wọ́n ti ní kí akíbọ́ọ̀dù tẹ ohùn tẹ́nọ̀ gbogbo orin sínú fóònù wọn. Ìgbà tí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń bá wọn nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, sìkáàfù gba ẹ̀yìn etí, hẹ́dífóònù wà lórí, wọ́n ń kùn nísàlẹ̀ ọ̀fun bí wọ́n ti ń rán kọ́là.

Ní ọjọ́ tí wọ́n padà sí ìdánrawò, mo sìn wọ́n lọ, mo sì jókòó sẹ́yìn. Wọ́n kọjá àga áltò, wọ́n lọ jókòó sáàárín àwọn ọkùnrin.

“Màmá, tẹ́nọ̀ nìyẹn o,” ni ọ̀gá akọrin wí. “Ọ̀hún ni àga yín.”

“Mo mọ̀. Ṣé mo sọ pé mo sọnù ni?”

“A ti ń gbàdúrà fún tẹ́nọ̀ tó lóhùn,” ni ọkùnrin kan nínú wọn wí. “Olúwa dáhùn, ó wá fi ìyá ránṣẹ́.”

“Màmá, ẹ máa bá wa wọ ṣòkòtò lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn,” ni ìkejì fi kún un.

“Kọ́kọ́ kọ orin tó dán ná, ká tó sọ̀rọ̀ ṣòkòtò.”

Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè, orin bẹ̀rẹ̀. Láti àga áltò ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti ń kọ ohun tí Màmá kọ nínú yàrá mi, láìsí ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń dì mú. Láti ìgbà tí mo ti fi ohun tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n ti gbọ́ ọ gbọ́ ọ títí ó fi mọ́ wọn lára. Nígbà tí wọ́n dé ibi ‘ìgbàlà’, gbogbo wọn wí pé ‘ìgbà’, wọ́n mí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó wí pé ‘là’. ‘Ìgbàlà’ wá pín sí méjì. Ẹsẹ kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀, ní ibi kan náà gẹ́lẹ́.

Mo rí i tí Màmá dẹ́kun orin kíkọ. “Ta ló kọ́ wọn láti máa gé ọ̀rọ̀ báyìí?” ni wọ́n bi ọkùnrin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Obìnrin áltò kan gbọ́ ọ. “Ẹ̀yin ni, mà. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ ọ́.”

 Màmá gbé ọwọ́ lọ sí ọrùn, sí ibi àpá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n dìde lórí àga tẹ́nọ̀, wọ́n rọra gba àárín àga kọjá, wọ́n lọ dúró níwájú àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà.

“Èmi kọ́ ló mí síbẹ̀,” ni wọ́n wí. “Gẹ̀gẹ̀ ni. Ẹ má bá gẹ̀gẹ̀ kọrin.”

“Ibo wá ni ká ti mí, mà?”

Màmá fa èémí, wọ́n sì fi ohùn wọn tuntun, tí ó rẹlẹ̀ gan-an sí ti àwọn ọ̀dọ́bìnrin náà, kọ áltò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀, ‘ìgbàlà’ sì jáde lódindi.